Bóòtù mẹ́fà tó gba ọjọ́ mẹ́ta: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe tú fúláíwíìlì nílé

Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ mi, ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ti ń yọ̀ láti bí oṣù kan. Bí mo bá ń gun òkè ní gíá kẹrin tí mo sì tẹ iná sí i, ariwo ẹ́ńjìnnì á lọ sókè, ọkọ̀ kò ní sáré sí i, òórùn ìjóná á sì gba inú ọkọ̀ kan. Mo ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun, mo ní òpin ọ̀sẹ̀ kan á tó o. Gíábọ́ọ̀sì wálẹ̀ láàárín wákàtí márùn-ún. Bóòtù mẹ́fà tó so fúláíwíìlì (irin róbótó ńlá tí kílọ́ọ̀ṣì ń fara tì lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì) mọ́ kíráńkì (ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí) ló wá gba ọjọ́ mẹ́ta gbáko lọ́wọ́ mi.

Àwọn bóòtù náà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò le ju bó ṣe yẹ kí wọ́n le lọ. Èmi ni mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò jókòó dáadáa dé wọn lórí, tí mo sì ń fa fúláíwíìlì tí nǹkan kan kò dì mú. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

1. Ìdí tí mo fi tú fúláíwíìlì

Ẹlòmíràn á pààrọ̀ pílétì (àwo kílọ́ọ̀ṣì tó ń lẹ̀ mọ́ fúláíwíìlì) àti púréṣọ̀ (ìdérí tó ń tẹ pílétì mọ́ ọn), á fi fúláíwíìlì sílẹ̀ níbi tó wà. Bí ojú rẹ̀ bá dán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbẹ, èmi náà á fi sílẹ̀. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yọ púréṣọ̀ tán, mo rí àmì búlúù káàkiri ojú fúláíwíìlì níbi tí ooru ti sun irin, mo sì rí ọ́ìlì tó ti ṣàn láti àárín wá sí etí ìsàlẹ̀. Síìlì ẹ̀yìn kíráńkì, òrùka rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, ló ń jò. Ọwọ́ kò lè dé síìlì yẹn láìyọ fúláíwíìlì, bẹ́ẹ̀ ni pílétì tuntun kò ní pẹ́ tí yóò tún fi máa yọ̀ bí ọ́ìlì bá ń ta sí i.

2. Ohun tó wà nílẹ̀

Mo ní sọ́kẹ́ẹ̀tì 17 mm onígun méjìlá, irin ìtúbóòtù gígùn 60 cm, páìpù mítà kan tí mo máa ń kì bọ̀ ọ́ nídìí bí nǹkan bá le, òòlù 500 g, sukúdíráfà ńlá kan, dírílì, tọ́ọ̀ṣì gáàsì kékeré irú èyí tí wọ́n fi ń jó páìpù omi, àti íńpáàtì oníbátìrì (ẹ̀rọ tó ń gbá bóòtù yí) tí mo yá. Mo ní sípánà tọ́ọ̀kì pẹ̀lú, èyí tó ń wọn bí a ṣe dè bóòtù tó, ṣùgbọ́n ìgbà dídè ni tirẹ̀. Ẹ má fi í tú bóòtù tó le, ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Ohun tí mi ò ní tó sì yẹ kí n ti ní ni sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà, irin tí yóò di fúláíwíìlì mú, àti bóòtù tuntun. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ mi sọ ọ́ kedere pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo irú bóòtù yìí: bí wọ́n bá ti dè é dé ìwọ̀n, irin rẹ̀ máa ń nà, kò sì ní padà sí gígùn tó wà tẹ́lẹ̀. Mo kà á, mo sì kọjá lọ bí ẹni pé èmi kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ dúró fún odidi ọjọ́ kan nígbà tó yá, tí mo ń wá bóòtù kiri.

Kí n tó wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú bátìrì, mo sì gbé ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ irin mẹ́rin. Jáàkì nìkan kọ́ ni kéèyàn gbára lé. Eruku inú ilé kílọ́ọ̀ṣì, aṣọ tó tutù ni mo fi nù ún. Mi ò fẹ́ ẹ pẹ̀lú afẹ́fẹ́, nítorí pé àwọn pílétì àtijọ́ kan ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ẹ̀dọ̀fóró ni eruku rẹ̀ sì ń bá jà.

Mo fi máákà kọ nọ́ńbà sórí àwọn bóòtù, 1 dé 6, mo sì fa ìlà ọ̀dà funfun kan láti orí fúláíwíìlì wá sórí kíráńkì kí n lè mọ bó ṣe jókòó tẹ́lẹ̀.

3. Ọjọ́ kìíní, òwúrọ̀: sukúdíráfà láàárín eyín

Gíábọ́ọ̀sì ti bọ́, kò sí gíá tí mo lè wọ̀ láti fi di kíráńkì mú. Bí mo bá fa bóòtù, kíráńkì á yí tẹ̀lé mi ni. Àbúrò mi ki sukúdíráfà bọ àárín eyín fúláíwíìlì, ó fi ara rẹ̀ ti bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, èmi sì fa. Nígbà tí mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, sukúdíráfà fò jáde, ìka mi méjì sọ lu irin, igun eyín kan sì ṣẹ́ ní nǹkan bíi 2 mm.

Àwọn eyín yẹn ni sítátà máa ń gbá mú láti yí ẹ́ńjìnnì. Ká ní eyín bíi mẹ́ta ló kán tẹ̀léra wọn ni, fúláíwíìlì ti di pípààrọ̀ nìyẹn. Àṣìṣe náà kò sí lọ́wọ́ àbúrò mi. Ẹnu sukúdíráfà dà gẹ̀rẹ́, ara eyín náà dà gẹ̀rẹ́, nítorí náà bí mo ṣe ń fà tó ni wọ́n ń ti ara wọn jáde tó.

4. Ọjọ́ kìíní, ìrọ̀lẹ́: páìpù mítà kan

Èrò wa kejì ni pé kí àbúrò mi lọ síwájú ẹ́ńjìnnì, kó fi sípánà di bóòtù púlì kíráńkì mú, kí èmi máa fa lẹ́yìn. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ó di bóòtù mú, mo fa, nǹkan kan yẹ̀ díẹ̀, inú mi dùn. Àfi ìgbà tó pariwo láti iwájú pé, "Ẹ dúró ná, bóòtù tiwájú ló ń yí o!"

Òótọ́ ló sọ. Bí mo ṣe ń yí kíráńkì láti ẹ̀yìn sí apá tí bóòtù ń gbà tú, tí sípánà rẹ̀ sì dúró lójú kan níwájú, ṣe ni à ń tú bóòtù púlì láìmọ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, bóòtù yẹn gan-an ló di eyín tó ń darí ìgbàǹtì táímììn (bẹ́líìtì tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí ní àsìkò) mú mọ́ kíráńkì. Bó bá tú tí a kò mọ̀, nǹkan tó lè tẹ̀lé e ju ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì lọ. Mo fi àmì sí i kí n má baà gbàgbé, nígbà tí mo sì rí irin ìdimú gidi, òun ni mo kọ́kọ́ dè padà sí ìwọ̀n tí ìwé sọ.

Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ki páìpù bọ irin ìtúbóòtù, mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá lé bóòtù kẹrin, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì gun orí bóòtù bí ìgbà téèyàn gun àtẹ̀gùn, ó sì fá igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ lọ. Orí bóòtù yọ̀. Ó kù díẹ̀ kó di róbótó.

5. Ọjọ́ kejì: ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì

Mo pe ọ̀gá kan tó ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì tipẹ́ lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ ọ̀gá, bóòtù fúláíwíìlì ti yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́." Kò bi mí bí bóòtù ṣe le tó. Ó ní, "Kí lo fi di fúláíwíìlì mú? Báwo ni ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ ṣe rí?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ wo ẹnu rẹ̀ ná, kí o wá padà pè mí."

Mo wò ó, mo sì wọ̀n ọ́n. Orí bóòtù náà fẹ́lẹ́, 6 mm péré ni gíga rẹ̀, etí rẹ̀ lókè sì ti tẹ̀ sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi 1 mm láti ilé iṣẹ́. Ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì mi náà, wọ́n ti gé etí inú rẹ̀ gẹ̀rẹ́ kó lè rọrùn láti bọ́ sórí bóòtù, gígùn gígé náà sì jẹ́ 2 mm. Nínú 6 mm, 3 mm ló kù tí irin fi ń gbá irin mú. Onígun méjìlá náà tún wá ń di bóòtù mú ní ẹ̀bá igun nìkan, níbi tó ti rọrùn jù láti fá. Páìpù mítà kan ni mo fi ń fa ohun tí 3 mm dì mú.

Mo ra sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà, ti íńpáàtì tí ara rẹ̀ nípọn. Òun náà ní ẹnu gígé, nítorí náà mo fi gíráíńdà lọ iwájú rẹ̀ títí ẹnu gígé náà fi tán tí ojú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo lọ̀ ọ́, mo sì ń rì í bọ omi ní gbogbo ìgbà kó má baà gbóná débi tí líle rẹ̀ á fi lọ. Nígbà tí mo fi í lé bóòtù kìíní, ó jókòó títí dé ìdí, kò sì mì rárá. Bí mo bá ní kí ẹnìkan mú ohun kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ yìí, èyí ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ gíráíńdà yẹn gbà.

6. Irin ìdimú

Mo gé irin pẹlẹbẹ kan ní 35 cm. Ó fẹ̀ ní 40 mm, ó sì nípọn ní 6 mm. Mo lu ihò 8.5 mm sí ìdí kan fún bóòtù M8 (èyí tí ara rẹ̀ fẹ̀ ní 8 mm) tó ń wọ ihò púréṣọ̀ lójú fúláíwíìlì, mo sì lu ihò 12.5 mm sí ìdí kejì fún bóòtù M12 tó ń wọ ihò tí wọ́n fi ń so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí mo ṣe dè é sójú méjèèjì, fúláíwíìlì kò lè yí síwájú, kò lè yí sẹ́yìn, nítorí náà irin kan náà ló wúlò fún títú àti fún dídè.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀. Bóòtù M8 kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ lò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ nígbà tí mo fa bóòtù kejì. Tó bá kán sínú ihò púréṣọ̀, wàhálà mìíràn nìyẹn. Mo lu ihò mìíràn sára irin náà kó lè mú ihò púréṣọ̀ méjì pọ̀, mo sì rí i pé irin náà fara lé ojú fúláíwíìlì gbọọrọ, láìsí àlàfo lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún mì.

7. Ooru

Àwọn bóòtù náà ní gọ́ọ̀mù pupa, èyí tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú fúnra rẹ̀, lára tẹ́rẹ́ẹ̀dì (ìlà yíyí ara bóòtù); ó wà lára èyí tó le jù nínú irú rẹ̀. Ó máa ń rọ̀ bí irin bá gbóná tó nǹkan bíi 250°C. Ọ́ìlì ìpẹtà tí mo ti ń fọ́n sí i láti ọjọ́ kìíní kò wúlò kankan. Gọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìpẹtà.

Kí n tó tan iná, mo fi aṣọ nu gbogbo ọ́ìlì kúrò, mo gbé gbogbo agolo kúrò nítòsí, mo sì gbé apaná sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: àwọn oògùn ìfọ-bíréèkì kan ní kíloríìnì nínú, bí iná bá sì kan wọ́n, gáàsì olóró tó lè pa èèyàn ló ń jáde. Bí ẹ bá ti fọ́n irú rẹ̀ síbẹ̀, ẹ má tan iná lọ́jọ́ náà.

Mo jó orí bóòtù kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ooru láti òkèèrè tàn mí jẹ ní ìbẹ̀rẹ̀: ó ní 110°C nígbà tí èéfín gọ́ọ̀mù ti ń yọ. Irin tó ń dán kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn kà á dáadáa. Mo fi ọ̀dà dúdú tó ń fara da ooru kan orí bóòtù tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà tó ń fi hàn sì bá ojú mu. Lẹ́yìn iná, mo gbé irin sí orí bóòtù, mo fi òòlù 500 g kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, kì í ṣe pẹ̀lú gbogbo agbára. Kíráńkì ní bíárín tó ń dì í mú kó má rìn síwájú sẹ́yìn, ìlù òòlù ńlá sì lè pa á lára.

Bóòtù kìíní dún kà! ó sì yẹ̀. Irin 60 cm, láìsí páìpù. Mo jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìkejì, ìkẹta àti ìkẹfà tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ìkarùn-ún kò dáhùn sí irin, mo fi íńpáàtì sí i, ó tú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mi ò yọ èyíkéyìí nínú wọn tán. Mo fi wọ́n há díẹ̀díẹ̀ nínú tẹ́rẹ́ẹ̀dì, nítorí fúláíwíìlì mi wúwo tó 8 kg, ojú mi ló sì máa já lé bó bá bọ́ lójijì.

Ooru náà wọ inú kíráńkì débi síìlì. Nígbà tí mo yọ síìlì lẹ́yìn náà, ètè rọ́bà rẹ̀ ti gan, ó ń kán lábẹ́ ìka. Èmi ti fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá ní pààrọ̀ síìlì, kó má jó iná níbẹ̀.

8. Bóòtù kẹrin

Òun nìkan ló kù. Mo gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 mm wọ̀ ọ́ lórí pẹ̀lú òòlù, mo fa, ó yọ̀. Mo ra sọ́kẹ́ẹ̀tì ìfàyọ tí inú rẹ̀ lọ́ bí ìwo àgbò. Orí bóòtù fẹ́lẹ́ jù fún un, ó jẹ irin díẹ̀, ó sì fò kúrò. Àwọn kan máa ń wẹ́dà nọ́ọ̀tì mọ́ orí irú bóòtù bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́, nítorí ooru wẹ́dà náà ń rọ gọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n páìpù epo ọkọ̀ mi kọjá nítòsí ibẹ̀, mo ní rárá.

Ó ku dírílì. Wọ́n kọ 10.9 sórí bóòtù náà, èyí tó túmọ̀ sí pé irin rẹ̀ le gan-an. Ẹnu dírílì lásán méjì kú sórí rẹ̀ kó tó wọlé 1 mm. Mo lọ ra ti kóbáàtì. Mo fi irin àmì lu àárín gangan, mo fi 4 mm bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sí 7 mm, mo fi 10.5 mm parí, nítorí pé M10 ni ara bóòtù. Mo yí ẹnu dírílì díẹ̀díẹ̀, mo ń kán ọ́ìlì sí i, mo sì lẹ téèpù mọ́ ọn lára ní 6 mm kí n lè mọ ibi tí orí bóòtù parí sí. Mi ò fẹ́ kan kíráńkì. Bí téèpù ṣe dé ojú bóòtù, orí rẹ̀ já, ó sì ń yí mọ́ ẹnu dírílì. Ogójì ìṣẹ́jú ló gbà.

Bí mo ṣe yọ fúláíwíìlì tán, nǹkan bíi 9 mm ara bóòtù náà yọ síta láti inú kíráńkì. Mo jó o fún ìṣẹ́jú kan, mo fi páláyà tó ń há mú un, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi yí i jáde. Orí tó ń fa fúláíwíìlì mọ́ kíráńkì ló mú kó le. Nígbà tí orí lọ, kò sí ohun tó tún dì í mọ́lẹ̀ ju gọ́ọ̀mù lọ.

Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì kó gbogbo ẹrúnrún irin, mo sì nu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kan síìlì.

9. Ihò tẹ́rẹ́ẹ̀dì

Gọ́ọ̀mù gbígbẹ kún inú wọn. Mi ò fi irin tó ń gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì sí i, ó lè fá ara kíráńkì lọ. Mo mú ọ̀kan nínú bóòtù àtijọ́, mo fi ayùn irin la ìlà méjì sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ yí i wọlé yí i jáde. Gọ́ọ̀mù ń bọ́ sínú ìlà náà. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú.

10. Dídè

Síìlì tuntun wọlé, mo fi ọ́ìlì ra ètè rẹ̀. Mo ti gbé fúláíwíìlì fún ẹni tó ní ẹ̀rọ láti fá ojú rẹ̀, 0.3 mm ló fá kí àmì búlúù tó lọ. Bóòtù tuntun ti ní gọ́ọ̀mù lára láti ilé iṣẹ́, mi ò fi òmíràn kún un.

Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì tèmi ni 60 Nm (Nm ni òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù), lẹ́yìn náà kí a tún yí bóòtù ní 90°. Ẹ wo ti ẹ́ńjìnnì yín nínú ìwé rẹ̀, ẹ má yá tèmi lò. Mo dè wọ́n ní ọ̀kánkán ara wọn, 1, 4, 2, 5, 3, 6: 30 Nm lákọ̀ọ́kọ́, 60 Nm lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà mo fi ọ̀dà fa ìlà sórí bóòtù kọ̀ọ̀kan, mo sì yí i títí ìlà náà fi dé ìdá mẹ́rin àyíká. Ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjú sí ọ̀nà tó yẹ. Mo yà á ní fọ́tò.

Pílétì àti púréṣọ̀ kò fún mi ní wàhálà. Irin ìtọ́sọ́nà tó bá kílọ́ọ̀ṣì wá ni mo fi to pílétì sí àárín; mo dè púréṣọ̀ ní ààbọ̀ yíyí káàkiri títí ó fi dé 20 Nm.

11. Ohun tó jẹ́, àti bó ṣe wà báyìí

Wákàtí márùn-ún fún gíábọ́ọ̀sì, wákàtí mọ́kànlá fún bóòtù mẹ́fà, wákàtí mẹ́fà fún títo gbogbo rẹ̀ padà. Lára ohun tí àṣìṣe mi jẹ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá tó ti là, sọ́kẹ́ẹ̀tì ìfàyọ tí kò wúlò, ẹnu dírílì méjì, àti ọjọ́ kan tí mo fi wá bóòtù tuntun. Ká ní mo ra sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà, mo lọ ẹnu rẹ̀, mo sì gé irin ìdimú kí n tó fọwọ́ kan bóòtù kankan, mo gbà pé wákàtí méjì á ti tó.

Mo ti wa ọkọ̀ náà tó 600 km báyìí. Fún 300 km àkọ́kọ́, mo rọra lò ó kí pílétì lè bá ojú fúláíwíìlì mu. Kílọ́ọ̀ṣì ń gbá mú láti ìsàlẹ̀, kò yọ̀ lórí òkè, kò sì gbọ̀n nígbà tí mo bá ń gbéra. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tan iná sí abẹ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì: ó gbẹ. Eyín tó ṣẹ́ ṣì wà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́tí sí sítátà ní àràárọ̀, kò tíì dún yàtọ̀, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ náà kí ẹni tó bá tún sọ gíábọ́ọ̀sì yẹn kalẹ̀ lè wò ó.